Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Àlàyé lórí ìjà àti ọ̀tẹ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́ orí ayélujára

Ẹ wo àwọn ènìyàn tó fẹ́ràn ohun kan náà: olórin kan, eré orí tẹlifíṣọ̀n kan, géèmù kan. Wọn ò mọ ara wọn rí. Wọ́n pàdé lórí ayélujára, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n yan ádímìn, wọ́n ń kí ara wọn káàárọ̀ lójoojúmọ́. Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹ ó gbọ́ pé wọ́n ti pín sí méjì. Ẹnì kan ti lé ẹnì kejì jáde, ẹnì kẹta ti pa gbogbo ohun tí wọ́n jọ kọ rẹ́, àwọn tó kù sì ń gbé ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ara wọn síta kí aráyé lè kà á. Ará ìta tó ń wò wọ́n á bú sẹ́rìn-ín: "Kí lẹ ń jà sí gan-an? Ẹni tí ẹ tìtorí rẹ̀ ń ṣe gbogbo èyí, ṣé ó tiẹ̀ mọ̀ yín?"

Ìbéèrè gidi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ni wọ́n fi ń béèrè rẹ̀. Èsì tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé ọmọdé ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, tàbí pé ìfẹ́ wọn ti di wèrè. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìjà tí mo fẹ́ sọ yìí, àgbàlagbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó sì kàwé, ló wà nídìí wọn, ẹni tí wọ́n fẹ́ràn kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ti jọ ṣe ni wọ́n ń jà lé lórí, àti ẹni tí àṣẹ orí iṣẹ́ náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí irú ìjà bẹ́ẹ̀ yé òun, kó má tíì wá ẹni tó jẹ̀bi. Kó kọ́kọ́ wádìí ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ariwo nìkan ni olólùfẹ́ ń pa. Ẹ wo inú ẹgbẹ́ tó bá dúró dáadáa. Ẹnì kan ń fi òru túmọ̀ ọ̀rọ̀ olórin láti èdè Kòríà sí Gẹ̀ẹ́sì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹlòmíràn ń gba owó jọ fún ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí, ẹlòmíràn sì ń tọ́jú àkáǹtì tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń tẹ̀lé. Àwọn kan ń kọ ìtàn tuntun nípa àwọn ẹ̀dá inú ìwé tí wọ́n fẹ́ràn, àwọn mìíràn ń kọ àlàyé nípa géèmù, ojú ewé lé ojú ewé, títí yóò fi ju ìwé ńlá lọ. Kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún wọn. Orúkọ ni èrè wọn: kí wọ́n mọ̀ ọ́, kí ọ̀rọ̀ rẹ wúwo, kí ẹni ńlá inú ẹgbẹ́ dá ọ lóhùn. Níbi tí orúkọ bá ti jẹ́ èrè kan ṣoṣo, ẹni tó bá tàbùkù rẹ tàbí tó yọ ọ́ kúrò lórí àkáǹtì ti gba gbogbo ohun tí o ní níbẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ tí mò ń sọ kì í ṣe oyè. Wọ́n lè máa pe ẹnì kan ní alága láti àárọ̀ dalẹ́, kó má sì rí nǹkan kan ṣe lọ́jọ́ ìjà, torí pé ilé iṣẹ́ tó ni ojú òpó náà ti pinnu tipẹ́ ẹni tó lè lé ẹlòmíràn jáde. Òfin wọn sì yàtọ̀ síra. Lórí WhatsApp, láti 2018, ádímìn kankan kò lè yọ ẹni tó dá gúrúùpù sílẹ̀, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá jáde. Tí gbogbo ádímìn bá bínú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, WhatsApp á kàn mú ẹnì kan nínú àwọn tó kù, á sì fi í jẹ ádímìn. (Mo máa ń ronú nípa ẹni tó sùn ní ọmọ ẹgbẹ́ lásán, tó jí tó bá oyè lórí ara rẹ̀.) Lórí Telegram, ẹnì kan ṣoṣo ló ni gúrúùpù. Ó lè fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti fi pásíwọ́ọ̀dù kejì sí àkáǹtì rẹ̀ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, kí olè má baà jí i gbé wẹ́rẹ́. Lórí Discord, ẹni tó ni ilé nìkan ló lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti fún ní àṣẹ ádímìn pátápátá lè lé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ipò wọn kéré sí tirẹ̀ jáde, kó sì pa yàrá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Yàrá tí wọ́n bá ti pa rẹ́ níbẹ̀ kì í padà. Lórí X ńkọ́? Pásíwọ́ọ̀dù ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni mẹ́wàá lè jọ máa kọ nǹkan sórí àkáǹtì kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yí pásíwọ́ọ̀dù padà ló ni ín.

Òfin Reddit, ojú òpó tí àkòrí kọ̀ọ̀kan ti ní yàrá ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ló ń bí ìjà jù lójú tèmi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí àwọn alámòójútó ibẹ̀ ṣe dé ni wọ́n ṣe ń tò. Ẹni tó kọ́kọ́ dé lè yọ gbogbo àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, àwọn yẹn kò sì lè yọ òun. Ó lè lọ fún ọdún mélòó kan láìfọwọ́ kan iṣẹ́, kó padà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kó sì lé àwọn tó ti ń gbálẹ̀ látìgbà náà. Ní oṣù kejì 2021, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní WallStreetBets, yàrá kan lórí Reddit, nìyẹn. Ìpín ìdókòòwò ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìpín GameStop ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé orúkọ wọn káàkiri ayé, ọ̀rọ̀ pé wọ́n fẹ́ fi ìtàn wọn ṣe fíìmù sì ti ń jáde. Bí òkìkí ṣe kàn báyìí ni àwọn alámòójútó àtijọ́ tó ti pa ibẹ̀ tì yọjú, wọ́n sì ń yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ilé iṣẹ́ Reddit ló wá dá sí i, tó sì yọ àwọn kan nínú àwọn tó padà dé náà. Ẹ kíyè sí i pé nígbà tí wọ́n ń lé ẹlẹ́gbẹ́ wọn, àwọn àtijọ́ kò jalè, wọn ò fọ́ àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Bọ́tìnnì tí ojú òpó náà fún wọn ni wọ́n tẹ̀.

Gbogbo kọ́kọ́rọ́ kọ́ ló jẹ́ bọ́tìnnì, ṣá. Ìtẹ́wọ́gbà náà jẹ́ kọ́kọ́rọ́, ẹni tí kò sì ní in lè fi èrú wá a.

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, kò sí agbo olólùfẹ́ tó gbóná tó ti Harry Potter lórí ayélujára. Wọ́n ti pín sí ìhà méjì lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ kó fẹ́ Hermione, ọmọbìnrin kan nínú ìwé náà, ẹ má rẹ́rìn-ín, wọ́n jà á dójú ẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé mélòó kan sì wà láàárín wọn tí òkìkí wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn yòókù fi ń wá ojúure wọn. Obìnrin kan tí kò lórúkọ fẹ́ wọ àárín àwọn ẹni ńlá yìí. Olólùfẹ́ mìíràn kọ ìwádìí gígùn nípa rẹ̀ jáde ní 2006, ohun tó sì sọ ni pé obìnrin náà dá àkáǹtì ayédèrú púpọ̀ sílẹ̀. Àwọn kan ń yìn ín, èyí kì í ṣe tuntun, gbogbo wa la mọ ẹni tó ń fi àkáǹtì kejì kan sáárá sí ara rẹ̀. Àwọn tó ń bú u ni ọgbọ́n wà nínú wọn. Wọ́n ń ṣe bí onígbàgbọ́ aláṣejù tó kà Harry Potter sí iṣẹ́ èṣù, wọ́n sì ń da èébú lé òun àti àwọn ẹni ńlá náà lórí papọ̀. Báyìí ló ṣe di ẹni tí wọ́n jọ jìyà. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n, wọ́n fà á mọ́ra. Ẹni tó bá sì ní ọ̀rọ̀ yìí ń rú òun lójú, kíá ni wọ́n á kà á kún àwọn eléèébú.

Nọ́ńbà IP ló tú àṣírí, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí náà ṣe sọ. Nígbàkígbà tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà bá wọ ìkànnì kan, nọ́ńbà kan máa ń tẹ̀lé e, alámòójútó ìkànnì náà sì lè rí i. Nígbà tí "ènìyàn" tó ń bú ni àti ẹni tí wọ́n ń bú bá ń gba ojú nọ́ńbà kan náà wọlé léraléra, ọ̀rọ̀ di wò-ó-sùn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kìlọ̀ níbí, torí mo ti rí i tí àwọn ènìyàn ń fi èyí dá ẹjọ́ láìrò ó. Gbogbo ará ilé kan lè ní nọ́ńbà kan náà. Ilé iṣẹ́ fóònù náà lè kó ọ̀pọ̀ oníbàárà tí kò mọ ara wọn rí sábẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹni tó kọ ìwádìí yẹn kó àkókò, ìṣọwọ́kọ̀wé àti ẹni tó jàǹfààní nínú ìjà kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe wọ ènìyàn létí.

Lónìí, àkáǹtì ayédèrú kì í fi bẹ́ẹ̀ wá àánú mọ́. Ẹjọ́ ni wọ́n ń fi í sùn. Ojú òpó ńlá kò lè gba ènìyàn tó máa ka gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀, nítorí náà ó fi bọ́tìnnì sílẹ̀ kí ará ìlú máa fi ẹ̀sùn kan ohun tí kò dáa. Àwọn tó ń bá ara wọn jà tètè rí ohun ìjà nínú rẹ̀: ẹ jẹ́ kí gbogbo wa tẹ̀ ẹ́ lórí àkáǹtì lágbájá ní aago mẹ́jọ alẹ́. Nígbà tí ẹ̀sùn bá rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀rọ lè kọ́kọ́ ti àkáǹtì náà pa kí ènìyàn tó gbọ́ tẹnu olúwa rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dá a padà, ìdìbò fún gbajúmọ̀ wọn tí ìjà náà tìtorí rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ti parí.

Èyí tó burú jù tí mo mọ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà ní oṣù kejì 2020. Àwọn kan nínú olólùfẹ́ òṣèré kan tó ń jẹ́ Xiao Zhan bínú sí ìtàn tí olólùfẹ́ mìíràn kọ nípa rẹ̀, wọ́n ní ó bu òṣèré náà kù. Wọn ò dúró lórí pé kí wọ́n bá òǹkọ̀wé sọ ọ́. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n sì fi ìkànnì tí ìtàn náà wà sùn lọ́dọ̀ ìjọba. Ìkànnì náà ni Archive of Our Own, tí wọ́n ń gé kúrú sí AO3. Ní ọjọ́ 29 oṣù yẹn, àwọn ará Ṣáínà kò lè wọ ibẹ̀ mọ́. Ìtàn kan ni wọ́n ń bínú sí. Ilé ìkàwé odidi ni wọ́n tì pa, pẹ̀lú iṣẹ́ ẹgbàágbèje ènìyàn tí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ Xiao Zhan rí. Àwọn yẹn náà kò gbà. Wọ́n pe ara wọn jọ pé àwọn ò ní ra ọjà tí òṣèré náà bá ti polówó, wọ́n sì ń fún iṣẹ́ rẹ̀ ní máàkì tó kéré jù níbi gbogbo tí wọ́n ti lè fún un. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣojú rẹ̀ ní láti tọrọ àforíjì lórí ẹjọ́ tí kì í ṣe òun ló pè é. Àwọn tó ní àwọn ń gbèjà rẹ̀ ló kó o sí wàhálà tí ọ̀tá kankan kò lè kó o sí.

Ọdún kejì ni ìjọba fi òpin sí i ní ọ̀nà tiwọn. Ní oṣù karùn-ún 2021, fídíò kan jáde níbi tí àwọn ènìyàn ti ń tú mílíìkì dà sí gọ́tà: abẹ́ ìdérí ìgò ni kóòdù ìdìbò fún eré ìdíje kan wà, àwọn olólùfẹ́ sì ń ra mílíìkì náà torí kóòdù nìkan. Ní oṣù kẹjọ, ìjọba gbé òfin 10 kalẹ̀ lórí àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́. Wọ́n fòfin de títo àwọn gbajúmọ̀ ní ipò kìíní ipò kejì, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ olólùfẹ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣojú gbajúmọ̀ náà. Bí àwọn tó ń jà ṣe pàdánù kọ́kọ́rọ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì nìyẹn.

AO3 tí mo dárúkọ yẹn, ìtàn rẹ̀ gùn díẹ̀, àmọ́ òun ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí pé nítorí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ gan-an ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀.

Kí ó tó dé, orí LiveJournal ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìtàn olólùfẹ́ ń gbé. 1999 ni ojú òpó náà bẹ̀rẹ̀; ilé iṣẹ́ Six Apart rà á ní 2005. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2007, àwọn olólùfẹ́ wọlé, wọ́n rí i pé ìlà ti gba àárín orúkọ ojú ewé bíi 500 kọjá. Bí LiveJournal ṣe ń fi hàn pé òun ti ti ojú ewé pa nìyẹn. Ẹgbẹ́ kan láti ìta ló fẹjọ́ sùn pé àwọn tó ń bá ọmọdé ṣèṣekúṣe wà lórí ojú òpó náà. Ẹ̀sùn tó wúwo ni, kò sẹ́ni tí kò yẹ kó fọwọ́ gidi mú un. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé iṣẹ́ náà wò ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn kọ sí abẹ́ "ohun tí mo nífẹ̀ẹ́ sí" lórí ojú ewé wọn, ó sì gbá gbogbo ẹni tó bá ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn òǹkọ̀wé ìtàn, àwọn tó ń jíròrò ìwé, títí kan ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n ti fipá bá lò rí tí wọ́n ń tu ara wọn nínú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, ó sì dá ọ̀pọ̀ ojú ewé padà. Ẹ̀rù ti wọlé ná.

Inú wọn ti ń ru tẹ́lẹ̀. Ní ọdún kan náà, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ FanLib dé, tó fẹ́ fi ìtàn tí olólùfẹ́ ń kọ lọ́fẹ̀ẹ́ pa owó. Àwọn olólùfẹ́ wo ara wọn lójú: ẹni tó ni ilé lè tì wá síta lóru, ẹni tó fẹ́ ra ilé fẹ́ tà wá pẹ̀lú ẹrù. Wọ́n bá ní àwọn á ra sáfà tiwọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo ohun orí ìkànnì ń gbé inú rẹ̀. Òǹkọ̀wé Naomi Novik wà lára àwọn tó dá àjọ Organization for Transformative Works sílẹ̀ ní 2007. Àwọn fúnra wọn kọ ètò orí kọ̀ǹpútà rẹ̀, wọ́n sì ṣí AO3 fún aráyé ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá 2009. Kò sí ìpolówó ọjà níbẹ̀, ọrẹ ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣe é. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ti kọjá mílíọ̀nù 10. Ní 2019 ó gba àmì ẹ̀yẹ Hugo, èyí tí wọ́n ń fún àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì.

Àwọn tó ń kọ nípa AO3 sábà máa ń dúró níbí, bí ẹni pé bí wọ́n ṣe gba kọ́kọ́rọ́ ni àlàáfíà dé. Àlàáfíà wo? Ìjà kàn kó wọ inú ilé ni. Nígbà tí onílé wà níta, gbogbo ayálégbé ń bá a ṣọ̀tá pọ̀. Bí ilé ti di tiwọn, wọ́n ní láti mọ ẹni tó máa di owó mú, ẹni tó máa sọ pé ìtàn yìí rú òfin, ẹni tó máa dá ẹni tó ti rẹ̀ dúró. Àjọ náà ní ìgbìmọ̀ aláṣẹ, ẹni tó bá sì fi dọ́là 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ lè di ọmọ ẹgbẹ́, kó sì dìbò. Nígbà tó fi máa di 2015, ìkùnsínú ti pọ̀: owó ń wọlé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò rí ètò ìnáwó tó já gaara, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ sì ti rẹ̀ wọ́n lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn wọ́n dìbò, ẹni tuntun méjì wọlé. Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn tó wà lórí àga tẹ́lẹ̀ kéde pé àwọn ń fipò sílẹ̀, gbogbo wọn pátá.

Ohun méjì ni mo rí nínú rẹ̀. Ètò ìdìbò ṣiṣẹ́: inú ń bí àwọn ènìyàn, wọ́n dìbò, àṣẹ yí ọwọ́ padà, kò sẹ́ni tó fọ́ sáfà. Ìyẹn kò wọ́pọ̀ nínú ẹgbẹ́ olólùfẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo àwọn tó mọ ibi tí nǹkan wà bá dìde lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìmọ̀ wọn ń bá wọn lọ. Mi ò pe ìfipòsílẹ̀ ní ọ̀tẹ̀. Ẹni tó ti rẹ̀, tí wọ́n sì ń bú lójoojúmọ́, ní ẹ̀tọ́ láti lọ. Síbẹ̀ ẹ̀yin tó bá wà nínú ẹgbẹ́ kékeré, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí akápò àti ẹni tó ń tọ́jú àkáǹtì bá jọ lọ lóru òní.

Àtakò náà kì í ṣe ọ̀tẹ̀, ibi tí ará ìta sì ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ nìyẹn. Ní oṣù karùn-ún 2023, àwọn olólùfẹ́ kan ní àjọ náà kò tíì mú ìlérí tó ṣe ní 2020 ṣẹ, pé òun máa dẹ́kun ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà lórí AO3. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń béèrè sí ara orúkọ àkáǹtì wọn àti sí àkọlé iṣẹ́ wọn, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè rí i. Inú àwọn kan kò dùn, wọ́n ní wọ́n ń da ilé rú. Mo ní wọn ò da nǹkan kan rú: ohun tó jẹ́ tiwọn ni wọ́n kọ̀wé sí, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ní gbangba. Ẹ fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2022, nígbà tí àwọn kan fi lẹ́tà ìhàlẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ àjọ náà, tí wọ́n sì fi àwòrán ìbálòpọ̀ ọmọdé tí òfin kà léèwọ̀ sínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó kàn ṣí lẹ́tà lásán ti bá ara rẹ̀ nínú ewu. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń béèrè? Kò béèrè nǹkan kan. Ó fẹ́ kí ẹ̀rù lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ ni.

Ọ̀tá ìta rọrùn ju èyí lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje 2023, AO3 dákú. Àwọn kan tó ń pe ara wọn ní Anonymous Sudan ti da ìbéèrè èké lé sáfà náà lórí lọ́pọ̀ yanturu, títí tí kò fi lè dá oǹkàwé gidi lóhùn mọ́. Ìkọlù yìí ni wọ́n ń pè ní DDoS: kì í jí nǹkan kan gbé, ó kàn ń dí ẹnu ọ̀nà ni. Wọ́n ní kí wọ́n san dọ́là 30,000 ní bitcoin. Àjọ náà kò san án. Wọ́n fi ilé iṣẹ́ Cloudflare ṣe asẹ́ sí ẹnu ọ̀nà, ní ọjọ́ kejì ìkànnì náà ti ń padà bọ̀ sípò. Ní 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan ọmọ ilẹ̀ Sudan méjì lórí iṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ náà. Nǹkan bí ọjọ́ kan ni wọ́n fi borí ìkọlù náà. Ti ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà, láti 2020 ni wọ́n ti ń fà á bọ̀.

Àwọn tó ń kọ àlàyé géèmù ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí fojú wọn rí màbo jù. Ní 2004 àwọn tó ń gbá géèmù World of Warcraft dá WoWWiki sílẹ̀, ìkànnì tí ẹnikẹ́ni lè kọ sí, tí ẹnikẹ́ni sì lè tún ṣe. Ní 2007 wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ Wikia, tó ń gbàlejò irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tó sì ń fi ìpolówó jẹun. Nígbà tó di oṣù kẹwàá 2010, ọ̀nà tí Wikia gbà ń ṣe ojú ewé wọn ti sú wọn, wọ́n sì kó jáde lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ Curse, wọ́n sọ ilé tuntun náà ní Wowpedia. Òfin gbà á: ìwé àṣẹ tí wọ́n fi kọ iṣẹ́ náà gba ẹnikẹ́ni láàyè láti da á kọ, bó bá ṣáà ti dárúkọ àwọn tó kọ ọ́. Àmọ́ ìwé àṣẹ kan náà ló gba Wikia láàyè láti fi ẹ̀dà àtijọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Kò sí bọ́tìnnì tí ẹni tó ń kó jáde lè tẹ̀ kí ilé àtijọ́ pa rẹ́. Ilé àtijọ́ ló pẹ́ jù lórí ayélujára, òun ni ẹ̀rọ ìwárí mọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni oǹkàwé ń lọ.

Nínú irú kíkó jáde bẹ́ẹ̀ ni ìjà ti máa ń le. Àwọn kan kì í lọ, bóyá nítorí pé wọn ò fẹ́ kí ohun tí wọ́n kọ́ di ahoro, bóyá nítorí pé àyè ádímìn ti ṣí sílẹ̀. Àwọn tó lọ á máa pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. Nígbà mìíràn ẹni tó ń lọ á fẹ́ nu gbogbo ojú ewé mọ́ kó tó jáde, tàbí kó kọ "ẹ máa bọ̀ ní ilé tuntun" sí gbogbo ìgun, ilé iṣẹ́ á sì dá a padà sí bó ṣe wà, á ti olúwa rẹ̀ síta. Ojú ewé lórí irú ìkànnì yìí kì í kú bọ̀rọ̀, torí pé ẹ̀dà gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe rí ń bẹ nípamọ́. Ẹni tó bá rò pé òun ti dá ohun gbogbo rú kàn fi iṣẹ́ wákàtí kan kún iṣẹ́ àwọn tó kù ni.

Àwọn ti Warcraft jókòó jẹ́ẹ́ sílé tuntun fún ọdún mélòó kan. Wikia yí orúkọ padà sí Fandom. Ní oṣù kejìlá 2018, Fandom ra àwọn ìkànnì Curse, Wowpedia sì wà nínú ọjà náà. Ilé tí wọ́n sá wọ̀ di ti onílé tí wọ́n sá fún. Ní oṣù kẹwàá 2023 wọ́n tún di ẹrù, wọ́n kó lọ sí wiki.gg, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ Warcraft Wiki báyìí. Àwọn ti Minecraft ti ṣáájú wọn kúrò ní Fandom ní oṣù kẹsàn-án, àwọn sì mú orúkọ ìkànnì tó dá dúró.

Nítorí náà, tí ọmọ yín bá ń wá bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan nínú Minecraft, tí Google sì gbé ojú ewé méjì tó fẹ́ jọra jáde, ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lókè. Èyí tó jẹ́ minecraft.wiki ni àwọn tó kó jáde ń tún ṣe. Èyí tí fandom.com bá wà nínú rẹ̀ ni ilé àtijọ́.